Ibi Tí A Ti Ṣe É Ni Kí A Ti Jẹ́wọ́ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ìyànjú tí a sọ níbi ìsìn ìdúpẹ́ 50 ọdún tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ 1975 jáde

  Àwọn tí àìlera kò jẹ́ kí wọ́n lè bá wa pé lónìí, Ọlọ́run yóò fọwọ́ tọ́ wọn. Àwọn tó ti sùn nínú wa, kí Olúwa tu ìdílé wọn nínú.

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ tẹ̀ mí láago pé èmi ni ìgbìmọ̀ yàn láti sọ ọ̀rọ̀ ìyànjú, ó fi kún un pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó gùn o. Ẹ mọ̀ pé àwọn tó ń se oúnjẹ kì í dúró de ìwàásù.” Mo ṣèlérí fún un pé n ò ní pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi láti ìgbà tí a ti wà ní Fọ́ọ̀mù Fáìfù. Ó ti pé 50 ọdún.

Ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, àti ohun tí ìrònúpìwàdà tòótọ́ ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ní i. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú Ìwé Jóṣúà, orí 7. Gbogbo wa la mọ ìtàn Ákánì. Pàṣán ni wọ́n fi kọ́ ọ wọ̀ wá lórí. Jẹ́ríkò ti wó. Ọlọ́run ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mú nínú ìkógun náà fún ara rẹ̀. Ákánì rí ẹ̀wù Bábílónì kan tó dára, ó rí 200 ṣékélì fàdákà, ó rí ègé wúrà kan tó wọn 50 ṣékélì. Ó kó wọn, ó sì rì wọ́n mọ́lẹ̀ nínú àgọ́ rẹ̀. Nígbà tí Ísírẹ́lì lọ bá ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Áì jà, nǹkan bí 3,000 ọmọ ogun ló lọ. Wọ́n sá padà. Nǹkan bí 36 nínú wọn kò wálé mọ́.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ìtàn yìí ni mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa. Mo ti kọ́ ọ tẹ́lẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ó ti mọ́ mi lẹ́nu. Ọmọbìnrin kan nawọ́, kò tíì ju ọdún 14 lọ. Ó ní, “Bàbá, wọ́n kọ́kọ́ mú ẹ̀yà kan, wọ́n mú ìdílé kan nínú ẹ̀yà náà, wọ́n mú agboolé kan nínú ìdílé náà, kó tó wá kan Ákánì fúnra rẹ̀. Gbogbo ìgbà yẹn ló fi dúró síbẹ̀. Àwọn ènìyàn sì ti kú. Kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀?”

Mo fèsì kan tí n kò rántí mọ́. Mo ní ká gbàdúrà, a túká. Nígbà tí mo délé, n kò lè jẹun. Kì í ṣe pé n kò mọ ìdáhùn ìbéèrè ọmọ náà. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Èmi gan-an ni Ákánì.

Ẹ̀yin tí a jọ wà ní kíláàsì, ẹ óò rántí owó 62 náírà.

Fún àǹfààní ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀: owó àsè ìdágbére wa ni. Àwa 31 la wà ní kíláàsì, ẹnì kọ̀ọ̀kan dá 2 náírà. Ẹ má fojú owó òní wò ó o. Ní 1973 ni náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́pò pọ́n-ùn lọ́wọ́ wa, ọdún Údójì sì ni 1975 yẹn. Owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba tó kéré jù lọ, lẹ́yìn tí Údójì tiẹ̀ ti fi kún un, 60 náírà ni. Èmi ni ẹ fi ṣe akápò, nítorí ẹ gbà pé n kì í purọ́.

Oṣù kan ṣáájú àsè náà, mo mú 10 náírà nínú rẹ̀. Mo pè é ní yíyá. Ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ fífẹ̀ àti bàtà gíga ló wọ̀ mí lójú. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe gbòde nígbà náà. Mo ní bí bàbá mi bá ti ta kòkó, màá dá a padà. Kòkó bàbá mi kò tètè tà. Mo tún mú 15, mo tún mú 28. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ máa béèrè owó, 9 náírà péré ló kù. Mo kó 9 náà pẹ̀lú, mo fi òkúta fọ́ àgádágodo àpótí ara mi, mo sì pariwo olè.

Ọ̀gá tó ń ṣe àbójútó ilé tí a ń sùn pè mí. Ó ní ta ni mo fura sí. Mo ní n ò fura sí ẹnì kankan. Ó wá bi mí pé ta ló wà nínú yàrá nígbà tí gbogbo wa lọ sí orí pápá. Mo dárúkọ ẹnì kan. Òtítọ́ ni mo sọ: ibà ń ṣe é, òun nìkan ló dùbúlẹ̀ sínú yàrá lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin ará, òtítọ́ ni mo fi pa irọ́ yẹn. N ò pè é lólè. Mo kàn sọ ibi tó wà, mo sì dákẹ́. Dídákẹ́ mi ló ṣe ìyókù.

Wọ́n nà án ní pàṣán 12 níwájú gbogbo ilé-ìwé. Wọ́n gba ipò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kó lọ ilé lọ mú 62 náírà wá kó tó lè bá wa jókòó ìdánwò. Ẹ̀yin sọ ọ́ ní Gbéwiri, èmi náà sì ń bá yín pè é bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyá rẹ̀ mú un padà wá. Nítorí pé èmi ni akápò, èmi ni wọ́n ní kó ka owó fún. Màmá náà tú etí ìró rẹ̀, ó ka owó sí mi lọ́wọ́: owó bébà díẹ̀, ẹyọ kọ́bọ̀ tó pọ̀. Nígbà tó kà á tán, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Ọmọ mi, jọ̀ọ́, máa bá mi bá a wí. Mi ò tọ́ ọ bẹ́ẹ̀.” Mo ní, “Ẹ má ṣèyọnu, mà.”

A fi owó náà ṣe àsè. Ẹ jẹ ìrẹsì. Èmi náà jẹ.

Mo mọ̀ pé ilé ti dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ kí okun inú mi tó tán.

Yunifásítì ni mo ti gba Jésù. Ẹkún tòótọ́ ni mo sun lọ́jọ́ náà. Mo ka ẹ̀ṣẹ̀ mi fún Ọlọ́run, mo ka èyí náà mọ́ ọn. Mo gbà pé ó dárí jì mí, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ di òní olónìí. Ẹ̀jẹ̀ Jésù kò kéré fún ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí mo wá ṣe. Mo sọ ìdáríjì Ọlọ́run di ẹní tí mo tẹ́ lé ibi tí mo rì nǹkan mọ́. Mo fi ọ̀nà mẹ́ta bò ó.

Ìkíní, mo yí orúkọ rẹ̀ padà. Bí ó bá ti wá sí mi lọ́kàn, màá ní ìwà èwe ni, ta ni kò ṣe irú rẹ̀ rí? N kò pè é ní olè, n kò pè é ní ìjẹ́rìí èké. Dáfídì náà rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Nátánì sọ ìtàn ọlọ́rọ̀ tó gba àgùntàn kan ṣoṣo tí tálákà ní, inú Dáfídì ru, ó dájọ́ pé kí ọkùnrin náà san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ó mọ òfin dunjú lórí ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn. Uráyà sì ti wà nínú ibojì látọjọ́ yìí.

Ìkejì, mo fi àdúrà bò ó. Mo gbààwẹ̀, mo ṣe àìsùn. Ọlọ́run nìkan ni mo ń bá sọ ọ́, nítorí mo mọ̀ pé kò ní lọ ròyìn mi fún ẹ̀yin.

Ìkẹta, mo fi ìtọrẹ bò ó. Ẹ rántí ìgbà tí ẹgbẹ́ wa tún òrùlé ilé ìkàwé ṣe. Ẹ dìde dúró, ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi nítorí owó tí mo gbé sílẹ̀. Ẹ̀tàn ni. Mo ń ta gbogbo ayé lọ́rẹ kí n má bàa san gbèsè ẹnì kan.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti rìn ju ogún ọdún méjì lọ. Ìbéèrè ọmọ kékeré yẹn ló bá a.

Ẹ ti ń béèrè láti ọjọ́ pípẹ́ pé kí ló dé tí ọkùnrin yìí kò wá sí ìpàdé wa rí. Àwọn kan ní ìgbéraga ni. Mo gba nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́ ìbátan rẹ̀ kan, mo sì lọ bá a nílé lọ́dún tó kọjá. Ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé omi wá. Mo ní kí n tó mu omi, mo ní ọ̀rọ̀ kan. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́.

Ó pẹ́ kó tó la ẹnu. Ó wá pe ìyàwó rẹ̀ àti àkọ́bí rẹ̀ síta, ó ní, “Tún un sọ. Kí wọ́n gbọ́.” Mo tún un sọ.

Ó ní, “Ìyá mi kú ní 1988. Títí ó fi jáde láyé, bí owó bá sọnù nílé, èmi ló kọ́kọ́ máa ń wò. Kò ní sọ nǹkan kan o. Ó kàn máa wò mí.”

N kò ní èsì. Ó tún ní, “Àbúrò mi obìnrin ńkọ́? Owó tí Màmá ń tò jọ láti fi mú un wọ ilé-ìwé girama ló kó wá fún ẹ. Kò wọ ọ́ mọ́. Iṣẹ́ aṣọ rírán ló lọ kọ́.”

Ẹ̀yin ará, n kò mọ̀ pé ó ní àbúrò. Ákánì náà kò pète ikú àwọn 36 wọ̀nyẹn. Ẹ̀wù ló wù ú. Ohun tí ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ ń ṣe nìyẹn. A mọ ibi tí a rì í mọ́, ṣùgbọ́n a kì í mọ àwọn tó ń pa lára. A ó ní ó ti kọjá, ó ti di ìtàn. Ní ilé ẹlòmíràn, ojoojúmọ́ ló ń ṣẹlẹ̀.

Mo mú owó dání. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣírò rẹ̀, bóyá yóò wúlò fún ẹnì kan. 62 náírà fi díẹ̀ ju owó oṣù kan lọ fún òṣìṣẹ́ tó kéré jù ní 1975. Ìjọba àpapọ̀ sọ irú owó oṣù bẹ́ẹ̀ di 70,000 náírà ní 2024. Ìwé Nọ́ńbà orí 5 ní kí ẹni tó ṣẹ̀ jẹ́wọ́, kí ó san ohun náà gan-an padà, kí ó sì fi ìdá kan nínú márùn-ún kún un, kí ó fún ẹni tí ó ṣẹ̀. Sákéù kò dúró síbẹ̀. Ìlọ́po mẹ́rin lòun ní òun yóò san. Mo tẹ̀lé Sákéù, mo fi díẹ̀ lé e, mo sọ ọ́ di 300,000 náírà. Ọkùnrin náà kò fọwọ́ kàn án. Ó ní, “Gbé e lọ fún àbúrò mi, òun lo jẹ ní gbèsè. Tèmi kì í ṣe owó. Ibi tí o ti ba orúkọ mi jẹ́ ni kí o ti lọ tún un ṣe.” Ó tún ní, “Mo dárí jì ẹ́ nítorí Jésù. Ṣùgbọ́n má bínú, mi ò lè bá ẹ jẹun lónìí.” Mo dúpẹ́, mo jáde.

Àbúrò rẹ̀ gba owó náà. Ó kà á níṣojú mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún wá sọ lọ́la pé ó dín. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ní, “Ẹ ṣé. Ìwé tí mi ò kà ńkọ́?” N kò rí ohun tí màá fi san ìyẹn.

Kí ni mo wá rí kọ́? Ìrònúpìwàdà tí kò padà sí ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kò tíì délé. Ní 1930, nígbà tí Ọlọ́run lo Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà, àwọn ènìyàn gbé oògùn àti ère wọn jáde ní gbangba. Wọn kò ní àwọn ti fi í sílẹ̀ nínú ọkàn. Wọ́n gbé e wá síta, gbogbo ayé rí i. Ṣùgbọ́n oògùn ṣeé sun níná. Ẹni tí a ṣẹ̀ kò ṣeé sun níná. Ẹni tí a ṣẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń retí wa.

Nítorí náà, bí o bá ní irú ẹrù yìí, pe orúkọ rẹ̀ bó ṣe ń jẹ́. Má sọ pé, “Bí mo bá ṣẹ̀ ọ́.” Sọ pé, “Mo ṣẹ̀ ọ́, ohun tí mo ṣe nìyí.” Lọ bá ẹni náà fúnra rẹ, má rán pásítọ̀. San èyí tó ṣeé san, má sì fi owó di ẹni náà lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, dúró. Bó bá dárí jì ọ́, yin Ọlọ́run. Bí kò bá tíì lè ṣe é, má yọ ọ́ lẹ́nu. Ìwọ náà kò yára jẹ́wọ́.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ la ń gbé wá sí gbangba. Bí ìpalára bá ṣe fẹ̀ tó ni kí ìjẹ́wọ́ ṣe fẹ̀ tó. Ohun tó wà láàárín ìwọ àti Ọlọ́run nìkan, bá Ọlọ́run sọ ọ́. Ohun tó wà láàárín ènìyàn méjì, kó wà láàárín wọn. Má sì fi ìjẹ́wọ́ rẹ tú àṣírí ẹni ẹlẹ́ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ẹbí tí o tà láìsọ, owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó há sí ọ lọ́wọ́, ọmọ tí o bí sẹ́yìn tí o kò jẹ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ tí o sọ: àwọn yẹn ní ojú, wọ́n ní orúkọ, wọ́n ní àdírẹ́sì. A ti ń sún mọ́ 70 ọdún. Ìyá ọ̀rẹ́ wa kò dúró dè mí.

Èmi lè lọ bá ọmọ náà. N kò lè lọ bá ìyá rẹ̀ mọ́. Títí màá fi kú, ibẹ̀ yẹn yóò máa dùn mí. Ọlọ́run dárí jì mí, kò ní kí n gbàgbé.

Ibí yìí ni mo ti bà á jẹ́, ibí yìí náà ni mo ti wá tún un ṣe. Níwájú Ọlọ́run àti níwájú gbogbo yín: ẹni tí a pè ní Gbéwiri kò jalè. Kò fọwọ́ kan kọ́bọ̀ kan. Èmi ni olè náà. Ẹ̀yin tí a jọ wà ní kíláàsì mọ orúkọ rẹ̀. Ó ní kí n má jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́, pé àwọn tó gbọ́ nígbà náà ni kó gbọ́ nísinsìnyí. Mo ti sọ fún olùṣọ́ àgùntàn ìjọ wa, mo sì ti fi iṣẹ́ kíkọ́ni sílẹ̀ níbẹ̀ títí wọn yóò fi rí i pé ó yẹ. Ìwé tí mo fi kọ ipò tí ẹ yàn mí sí nínú ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ti wà lọ́wọ́ alága láti àná.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ yín. Ẹ má lo àkókò yín lórí bíbínú sí mi tàbí dídárí jì mí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ láago. Ẹ lọ kí i. Ẹ pe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ìrẹsì tí a jẹ ní 1975, owó ìyá rẹ̀ la fi rà á, gbogbo wa la sì jẹ nínú rẹ̀.

Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tí kì í fi nǹkan pamọ́ fún un.